Ọwọ́ Kan Nínú Àpò

Ọwọ́ méjèèjì ni ìyá mi ní kí n máa fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà.
Ó nà mí lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò gbàgbé.
Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Sànyàolú,
lẹ́yìn rélùwéè, ní Ebúté Mẹ́tà,
kò bi mí bóyá mo kàwé, kò bèèrè orúkọ mi.
Ó ní, "Ṣé síkẹ́ẹ̀tì ẹ ní àpò?"
Mo ní kò ní.
"Lọ rán ọ̀kan sí i kó o tó padà wá."
Àjákù àńkárá aláwọ̀ ọsàn ni télọ̀ ọ̀ọ́kán fi rán an
sára síkẹ́ẹ̀tì dúdú. Kò bá a mu rárá.

Ámúpù tó wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà,
ti Rántímí onígìtá ni, láti Ṣómólú.
Ó tan án láìso sípíkà mọ́ ọn,
ó ń ta gìtá kíkankíkan, ó ń yà á lẹ́nu
pé òun ò gbọ́ nǹkan kan.
Ọ̀gá gbóòórùn ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó mi orí:
"Ohùn tí kò rí ẹnu gbà jáde,
inú olóhùn ló máa bẹ́."

Swíìṣì méjì ló wà níwájú ẹ̀.
Àkọ́kọ́ ń jí i, èkejì ń rán an níṣẹ́.
Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á tẹ méjèèjì pọ̀!
Ta ní ń jí arúgbó lójú oorun kó tún ní kó máa sáré?
Ẹ kí i ná. Ẹ jẹ́ kí ojú ẹ̀ là,
kí fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó tò bí ìgò lọ́fíńdà
pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú.
Bí eré bá sì parí, ẹ má tìtorí pé mọ́tò ń dúró
kí ẹ jù ú sẹ́yìn bùùtù.
Ẹ jókòó tì í. Ẹ mu omi. Ẹ ka owó yín
títí gílásì á fi tutù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, NEPA mú iná lọ.
Àdúgbò ṣókùnkùn, mo mí kanlẹ̀,
mo yọ ọwọ́ òsì jáde, mo fi nu ojú,
mo wá fẹ́ fi di etí páànù ẹ̀rọ mú.
Ọ̀gá ò pariwo. Ó kàn pe orúkọ kan:
"Bísíríyù."
Èmi kọ́ ni Bísíríyù.
Bísíríyù ni wọ́n jọ kọ́ṣẹ́.
Gbólóhùn tó sọ kẹ́yìn ni, "Ṣebí kò síná."

Ọ̀gá tan àtùpà, ó fi hàn mí:
kóló búlúù mẹ́ta, wọ́n sinmi bí ẹni tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀.
"Iná ni wọ́n ń tọ́jú pa mọ́ síbí.
NEPA lè mú tiwọn lọ, wọn ò lè fọ́ kóló.
Iná àná ṣì wà níbẹ̀.
Bó bá gba ọwọ́ ọ̀tún wọlé, tó fẹ́ gba tòsì jáde,
kí ló wà lójú ọ̀nà ẹ̀?"
Ó fi ìka kan kan àyà mi, jẹ́jẹ́.

Ó ti pẹ́. Èmi ni mo ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù báyìí.
Lánàá, bàbá kan na owó sí mi,
ọwọ́ mi kan wà nínú ẹ̀rọ, èkejì wà nínú àpò.
"Ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́," ó sọ ọ́ sókè.
N kò dáhùn. Mo fi rẹsítọ̀ kan orí kóló,
mo ń wo mítà:
irinwó. Igba. Ọgọ́ta. Méje.
Bàbá ń kùn. Méjì.
Òdo.
Ọwọ́ òsì mi jáde, ó ti làágùn.
Mo kúnlẹ̀, mo fi méjèèjì gba owó náà.
Ó wo síkẹ́ẹ̀tì mi títí,
ó ní, "Àpò yìí mà burẹ́wà o."