Ológbò Orí Wáyà

Àbámẹ́ta ni. Òtútù Kuhmo ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá òdo
ní ìwọ̀n mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n,
itọ́ tí èèyàn tu ń di òkúta kó tó balẹ̀.
Taisto ọkọ mi tan sáúnà ní agogo márùn-ún
nítorí bàbá rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀,
àfi pé igi ni wọ́n dá; tiwa, iná mànàmáná ni.

Búrẹ́dì mi wà nínú ààrò.
Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí. Ilẹ̀ ilé ń móoru lábẹ́ ẹsẹ̀.
Ọkọ̀ tuntun wà níta, funfun bí ẹyin,
ó ń mu tirẹ̀ láti ẹnu wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan
tí a máa ń so mọ́ ẹ̀rọ ìgékoríko.
Taisto ká èyí tó ṣẹ́kù jọ sílé ìkẹ́rùsí
bí ejò tó yó,
ó ní, "Iná náà ni iná. Kí ló tún kù?"

Èmi ò fèsì. Nöpö ni mò ń wá.

Ológbò wa kì í sùn níbi tútù.
Mo wo ẹ̀yìn ààrò, mo wo orí ẹ̀rọ ìfọṣọ,
mo wo abẹ́ ibùsùn Oona. Kò sí.
Mo wọ bàtà, mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo ṣí ilé ìkẹ́rùsí:
níbi tí omi garawa ti di yìnyín dé ìdí,
ológbò nà gbalaja sórí wáyà kíká,
ó di ojú, ó ń kùn bí ẹni tó jogún.

Mo ki ọwọ́ sábẹ́ ikùn rẹ̀.
Mo yára fà á padà.
Wáyà gbóná bí ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀,
awọ rẹ̀ ti rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ra,
òórùn bíi ti irun jíjó gba imú mi.
"Taisto!"

Ó sáré dé tòun ti aṣọ ìnura nídìí, ooru ń rú lára rẹ̀.
A pa iná lára ògiri kí a tó yọ ọ́.
Kò sọ nǹkan kan. Ó gbé ológbò mọ́ àyà.
A kì í fi iná sórí òrùlé sùn;
àwa fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í sábẹ́ ológbò.

Lọ́jọ́ Ajé, Pentti oníná dé,
ó ka fíúsì, ó mi orí:
"Ẹnu ọ̀nà iná yín ò fẹ̀ tó
kí gbogbo àlejò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà."
Ó na wáyà tó nípọn, ti ọkọ̀ nìkan, pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀,
ó kan àpótí kékeré kan tó ń gbọ́ bí ilé ṣe ń mí:
bí sáúnà bá ń jẹun, ọkọ̀ a dúró de tirẹ̀.

Báyìí, bí òru bá jìn, tí gbogbo wa ti sùn,
mo máa ń gbọ́ ọ: ko.
Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mu.

Nöpö nìkan ni kò dárí jì wá.
Ní gbogbo Àbámẹ́ta ó ń lọ sílé ìkẹ́rùsí,
á gbóòórùn ilẹ̀ níbi tí wáyà wà rí,
á yíjú wò mí
bí ẹni tí mo ta ilé rẹ̀.