Ogójì Nínú Ọgọ́rùn-ún

Wọ́n wọn ẹsẹ̀ bàbá mi lórí ìwé:
ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ló bógun lọ.
Kọ́púrà Jinádù ò jiyàn.
Ó kàn bi akọ̀wé pé,
"Ọgọ́ta tó kù dà, kí n fi wọ bàtà?"

Ọdún mọ́kànlá la fi wọ ọkọ̀ ìdájí ní Ẹ̀pẹ́,
fáìlì nínú ọ̀rá, kí ìrì má baà bà á jẹ́.
"Ẹ wá fojú hàn pé ẹ ṣì wà láàyè."
Ó fojú hàn títí ojú fi fọ́.

Ìwé owó dé lọ́jọ́ fìdáù.

Ìyá mi ni wọ́n wá ń bi báyìí:
ta lẹlẹ́rìí yìgì yín?
Ó nawọ́ sí itẹ́ òkú lẹ́bàá ọ̀sà:
"Gbogbo wọn wà níbẹ̀.
Ẹ ní kí wọ́n wá fojú hàn."