Òjìji Ara Mi

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi rẹ́ ilá nínú òjìji ara mi.
Iná kan ṣoṣo ló wà láàárín àjà,
ẹ̀yìn mi ló máa ń dúró sí, bí ìyá ọkọ tó ń ṣọ́ ìyàwó tuntun.
Bí mo bá ti dojú kọ tábìlì ẹ̀bá ògiri,
orí mi a bo ilá, èjìká mi a bo àlùbọ́sà,
ọ̀bẹ a wọ òkùnkùn lọ bí ẹni tó mọ̀nà.
Kò mọ̀nà.
Àpá mẹ́ta ló wà ní ìka òsì mi.

Nígbà tí mo ta kajú tán lọ́dún yìí,
àwọn ọmọ ní kí n fi owó rẹ̀ tún òrùlé ṣe.
Mo ní òrùlé ò jò. Ojú mi ló ń jò.

Mo ránṣẹ́ sí Dúrósayé oníṣẹ́ iná ní Kábà.
Ó gun ọ̀kadà dé Ògìdì, àkàbà léjìká, eruku òkè lójú.
"Òkun o, màmá."
"Òkun o, ọmọ mi. Wọlé, wá wo ibi tí mo ti ń jagun."

Àjà ló kọ́kọ́ wò. Àjà ni gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ wò.
Ó ní òun á fi gílóòbù ńlá sáàárín,
gbogbo ilé ìdáná á mọ́lẹ̀ bí pápá bọ́ọ̀lù.
Mo na ọ̀bẹ sí i.
Mo ní, dúró síbí, rẹ́ àlùbọ́sà yìí fún mi.
Ó rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró,
ó bojú wẹ̀yìn, ó wo iná, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀,
ó wá rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó ṣi ìṣirò.
"Màmá, bó ti wù kó tóbi tó, ẹ̀yìn yín ló máa tàn sí."
Mo ní, ẹ̀yìn mi ò sì mọ ilá rẹ́.

Ìyá tó bí mi ò ní wáyà.
Agolo mílíìkì ló fi ṣe fìtílà, òwú kan, epo díẹ̀.
Ṣùgbọ́n kò gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀ rí:
iwájú ni, díẹ̀ sọ́wọ́ òsì, nísàlẹ̀ ojú,
kí iná má wò ó lẹ́yinjú,
kí ọwọ́ ọ̀tún má ṣíji bo ohun tó ń gé.
Ìgbà tí iná ìjọba dé la gbàgbé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń jókòó sí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe kan iná tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn mọ́ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù,
ní iwájú, ó rọra farapamọ́.
Ó kù kí a mú àwọ̀.
Dúrósayé yọ méjì nínú àpò:
ọ̀kan pọ́n bí ìyeyè, ọ̀kan funfun bí omi ìrẹsì.
Mo da ẹ̀wà sábẹ́ èyí tó pọ́n.
Ẹ̀wà rẹwà. Òkúta inú rẹ̀ náà rẹwà.
Mo ní kó pààrọ̀ rẹ̀.
Lábẹ́ funfun, kòkòrò méjì jáde,
wọ́n ń rìn lọ bí ẹni tí kò jẹ gbèsè.
"Èyí ni," mo ní. "Iná tó ń pọ́n ẹ̀wà lé kì í ṣa òkúta."

Ṣùgbọ́n nígbà tó tan funfun náà síbi tí a ti ń jẹun,
ojú bàbá àwọn ọmọ rí bí ẹni tí ilé ìwòsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀.
Mo ní, fi ìyeyè síbẹ̀ jàre.
Nídìí àwo oúnjẹ, irọ́ díẹ̀ ò pani.

Ìjọba mú iná lọ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ. Bátìrì sólà gbà á.
Mo wá òjìji mi lórí ilá, n kò rí i;
ó ti wà lẹ́yìn, lára ògiri, ó jókòó jẹ́ẹ́.
Mo rẹ́ ilá,
mo rẹ́ ilá títí mo fi rẹ́ èyí tí a ò ní jẹ tán.