Ìṣísẹ̀ Mẹ́sàn-án

Lórí tábìlì mi ní ọ́fíìsì kánsù Leeds
pápá náà dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí aṣọ tí a ká.
Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ó gba pápá bọ́ọ̀lù méjì géérégé,
ààyè tún ṣẹ́kù fún àga, fún ọ̀nà ajá.
Ọ̀gá mi ní, "Ó dáa. Kọ ọ́ sílẹ̀."
Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n òjò kì í rọ̀ sórí màpù.
Ní àárọ̀ Sátidé mo wọ bàtà rọ́bà, mo lọ.
Ibi tí mo fa ìlà sí, adágún omi ni;
àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ níbẹ̀, wọn ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Ilẹ̀ tí mo pè ní pẹrẹsẹ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni,
ẹgbẹ́ mẹ́ta sì ń du pápá kan ṣoṣo lórí rẹ̀,
ẹ̀kẹrin dúró ti wáyà, wọ́n ń fẹ́ ooru ẹnu sí àtẹ́lẹwọ́.
Ẹ̀wù òtútù méjì ni òpó gólì wọn.

Ìréwọlédé, aṣọ́lé wọn, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
wo ìwé ọwọ́ mi: "Ṣé ẹ̀yin ni kánsù?"
Ta ni kì í jẹ́ kánsù lójú ọmọdé
bó bá ti di ìwé mú lábẹ́ òjò?
"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí," ó ní,
"nígbà tí wọ́n kọ orúkọ wa pé ká máa retí."
Bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ àkọ́kọ́, àbúrò rẹ̀ ti jogún rẹ̀.
Ẹsẹ̀ kì í dúró de ìpàdé.

Ọ̀gbẹ́ni Ackroyd dé, tòun ti ajá rẹ̀ tó ń tiro.
Ó na ọ̀pá sí igi ápù wíwọ́ kan.
Ìyàwó òun ló ju kóró rẹ̀ síbẹ̀, ó ní,
ìrọ̀lẹ́ kan tó ń ti ilé iṣẹ́ aṣọ bọ̀, ọdún tí àwọn fẹ́ra.
"Ìlà rẹ gba àárín rẹ̀ kọjá."
Òótọ́ ni. Lórí ìwé mi, igi náà ò sí rárá.
A kì í ya igi sínú màpù
bí a ò bá fẹ́ kó ṣe ẹlẹ́rìí.

Nílé ìkàwé, nípàdé, ẹnìkan ní iná alẹ́ á lé àdán sá.
Ẹnìkan ní mọ́tò á dí ẹnu ọ̀nà òun.
Ẹnìkan bèèrè, ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi bọ́tà,
"Ọmọ ta ni pápá yìí wà fún gan-an?"
Yàrá dákẹ́. Mo mọ ìbéèrè yẹn;
ó ti bá mi wọ bọ́ọ̀sì rí.
Ackroyd dìde. Ó pẹ́ kó tó dìde tán.
"Àwọn tó ń bá ajá mi ṣeré," ó ní,
ó sì jókòó.

Mo padà lọ pẹ̀lú okùn ìwọ̀n.
Ìréwọlédé di orí okùn mú, Ackroyd di ìdí rẹ̀,
ajá dùbúlẹ̀ sáàárín bí ẹni pé òun ni réfìrì.
Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án síhà ìwọ̀ oòrùn,
pápá bọ́ lọ́wọ́ igi,
ó bọ́ lọ́wọ́ omi díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí.
Ẹyọ kan ló kù nínú méjì.
Wọ́n ní yàrá kótópó a máa gba ogún ọ̀rẹ́;
ṣùgbọ́n ogún ọ̀rẹ́ kì í sáré nínú yàrá.
Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ọmọ náà.
Ó ti ń kà á fúnra rẹ̀, lẹ́nu, lórí okùn.

Màpù tuntun ti wà lórí tábìlì.
Ọ̀gá mi fi ìka kan àmì roboto kan: kí lèyí?
Mo ní ápù ni.
Owó ò tíì jáde.
Ìréwọlédé pé méjìlá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè.
Ní Sátidé bọ́ọ̀lù ṣì ń yí lọ sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́,
ajá tó ń tiro yẹn
ló ń bá wọn dá a padà.