Àpò Kẹtàdínlógún

Aago mẹ́ta òru ti kọjá díẹ̀ ní Àkọkà,
ọ̀sà ń rùn sí wa láti ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́.
A ta àwọ̀n sáàárín igi máńgòrò méjì,
àwọ̀n tó fẹ́lẹ́ débi pé òṣùpá gba inú rẹ̀ kọjá
láìmọ̀ pé òun bá nǹkan pàdé.
Àdán mọ̀. Ó pẹ́ jù kó tó mọ̀.

Mo ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kó wọn sápò
(àjákù ìrọ̀rí tí ìyá mi rán),
mo fi wọ́n kọ́ sórí okùn bí aṣọ tí a sá.
Àwọn àpò náà ń mí.
Ìwé mi ní ilà fún ìwọ̀n, ilà fún gígùn apá,
ilà fún akọ tàbí abo.
Kò sí ilà fún bí àyà ṣe ń lù kì-kì-kì
lábẹ́ àtàǹpàkò mi.

Ìkẹtàdínlógún wúwo ju bó ṣe yẹ lọ.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ni, pípọ́n, ìhòhò,
tó fi eyín wẹ́wẹ́ di ọmú ìyá rẹ̀ mú
bí mo ṣe máa ń di ẹ̀wù ìyá tèmi mú
lẹ́yìn ọ̀kadà, ní Bàrígà.

Dókítà Adéṣẹ̀yẹ ní, "Ya ọmọ sọ́tọ̀, ká wọn ìyá.
Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ìwé àṣẹ wa pé."
Òótọ́ ni, ó pé: ìfọwọ́sí mẹ́ta, òǹtẹ̀ kan.
Bàbá Hunpé, ọdẹ tó ń ṣọ́ géètì,
tó gbé tíì wá fún wa nínú fúláàsì,
wo àpò náà títí.
"Ẹni tí ẹ mú ńkọ́? Òun náà fọwọ́ sí i?"
Dókítà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín náà há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Wọ́n ní bí a kò bá kà wọ́n,
a ò ní mọ ọjọ́ tí wọ́n bá tán.
Mo gbà. Mo rí ibi tí wọ́n gé igi mẹ́rin lésìí.
Ṣùgbọ́n nílé wa, a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ,
mo sì ti ń ka ọmọ ọlọ́mọ láti ìrọ̀lẹ́.

Dókítà yíjú, ó ń wá bátìrì.
Mo tú ọrùn àpò.
Wọn ò fò lọ lójú ẹsẹ̀. Ìyá náà gun apá mi
bí ẹni gun igi, ọmọ lọ́mú rẹ̀,
ó dorí kodò díẹ̀ létí ẹ̀wù mi, ó wò mí,
tàbí kò tilẹ̀ wò mí, ta ni mo jẹ́?
Òkùnkùn gbà wọ́n padà.

Mo kọ ọ́ síwèé: *Ìkẹtàdínlógún. Àpò ya.*
Irọ́ ni. Ìmọ̀ kò fẹ́ irọ́, mo mọ̀.
Ilà náà ṣì ṣófo láàárín àwọn tó kún,
àpá èékánná sì wà ní apá òsì mi
tí mi ò tíì wọ̀n.