Akólẹ̀ Lọ sí Àpérò

Wọ́n kó wa jọ sí Harrogate, àwa òṣìṣẹ́ káńsù
láti ìlú mẹ́rìndínlógún, nítorí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí.
Òjò wìnnìwìnnì ń rọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì òtẹ́ẹ̀lì náà rọ̀
débi pé mò ń bojú wo bàtà mi,
bóyá mo tẹ nǹkan kan bọ̀ láti Halifax.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi rìn lẹ́yìn ọkọ̀ akólẹ̀
kí wọ́n tó fún mi ní tábìlì àti àga tó ń yí.
Ìyá mi ní Ìkirè ń wí fáráyé pé akọ́lé ni ọmọ òun.
N kò bá a jiyàn. Àmì kan ṣí kúrò lábẹ́ lẹ́tà kan
lọ sábẹ́ èkejì, akọ́lé di akólẹ̀;
ta ni yóò sọdá òkun wá yẹ̀ ẹ́ wò?

Ọkùnrin kan gorí pèpéle, ó tan àwòrán sára ògiri:
ìlà pupa ń gòkè, ìlà búlúù ń sọ̀kalẹ̀.
Ó ní ìdọ̀tí agbègbè wa ti fi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.
A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́,
àmọ́ Ọ̀gbẹ́ni Pickersgill ló wá sí mi lọ́kàn,
ojúlé kẹtàdínlógún, òpópónà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ sí etí odò.
Ìgò mílíìkì kan lọ́sẹ̀, tó fi omi gbígbóná ṣàn
títí tó fi ń dán bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀;
agolo oúnjẹ ológìnní méje, ó ká ìdérí wọn sínú;
ìwé ìròyìn tó fi okùn dì bí ẹrù ẹni tó ń lọ sílé ọkọ.
A kì í sọ̀rọ̀. Yóò gbọ́wọ́ sókè lójú fèrèsé,
èmi náà á gbọ́wọ́ sókè.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Èrèlé, kò sí nǹkan lẹ́nu ọ̀nà.
Brendan fọn fèrè ọkọ̀ pé kí n máa bọ̀. Mo kanlẹ̀kùn.
Ológìnní nìkan ló dáhùn.

Ṣé ó wà nínú ìdá méjì yẹn?
Mo fẹ́ nawọ́ béèrè. Glenys tó jókòó tì mí
ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ká ọwọ́ mi padà.

Lọ́sàn-án, wọ́n fún wa ní búrẹ́dì onígun mẹ́ta,
ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ike tirẹ̀, ike náà nínú páálí.
Ẹ gbà mí o, nípàdé ìdọ̀tí!
Mo rántí ẹ̀kọ àárọ̀, àti ewúrẹ́
tó ti ń dúró de ewé náà kí n tó jẹun tán.
Káńsù wo ló mọ iṣẹ́ tó ewúrẹ́?
Glenys ní kí ló pa mí lẹ́rìn-ín.
Mo ní, ọ̀gá mi àtijọ́ kan ni.

Nírọ̀lẹ́, ọmọbìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà,
ó ń gba ike tí orúkọ wa wà nínú rẹ̀;
wọn yóò tún un lò lọ́dún tó ń bọ̀.
Ó fa bébà tèmi yọ, Látúndé Ọ̀pádìjí,
tí wọ́n kọ láìsí àmì kankan,
ó sọ ọ́ nù, ó kí mi pé ó dàbọ̀.
Mo yọjú wò ó kí n tó jáde sínú òjò:
àpótí bébà ló bọ́ sí.
Ó dáa bẹ́ẹ̀.