Àpótí Kékeré Inú Fọ́ọ̀mù

Òkè-Mosàn, òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ìlà ti gùn dé ìdí máńgòrò.
Bírò kan ṣoṣo ló wà, wọ́n fi òwú so ó mọ́ tábìlì
bí ewúrẹ́ tó ti sá lọ rí.
Mo kọ ọ́: Látúndùn Ṣógbèsan.
Ọjọ́ orí: mẹ́tàdínláàádọ́ta.
Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́: wáyà iná.
(Ogún ọdún ni mo fi di àkàsọ̀ mú fún ọkọ mi,
òun lókè, èmi nílẹ̀, tí mò ń ka àwọ̀ wáyà fún un.)
Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere
títí mo fi kan àpótí kan, kò tó èékánná:
Ṣé ẹ ń gba owó ìrànwọ́ aláìní?

Mò ń gbà á. Láti ìgbà tí àkàsọ̀ ti yẹ̀,
ẹgbẹ̀rún márùn-ún, lóṣù tó bá wù wọ́n.
Ó ra gàrí, ó san gbèsè gàrí.
Mo máàkì í.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé wo àpótí náà, ó wò mí.
"Ìyá, ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó akẹ́kọ̀ọ́.
Ẹnu kan kì í jẹ nínú àwo ìjọba méjì."
Ẹ̀kọ́ ọ̀hún ńkọ́?
Ọ̀fẹ́ ni, ó ní. Owó ọkọ̀ àti ti oúnjẹ ọ̀sán ni n ò ní rí.

Láfẹ́nwá sí Àṣerò, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni kórópe ń gbà.
Àlọ àtàbọ̀, ẹgbẹ̀rún kan.
Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, oṣù mẹ́fà.
Ọ̀fẹ́ yìí mà wọ́n o.

"Tí mo bá ní kí ẹ yọ orúkọ mi nínú ìwé aláìní?"
"Ẹ ó dúró fọ́dún kan,
ká lè rí i dájú pé ẹ kì í ṣe aláìní mọ́."
"Tí n kò bá sì ṣe aláìní mọ́?"
Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún.
"Àwọn aláìní la ṣètò ẹ̀kọ́ yìí fún."
Ẹni tó wà lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín.
Èmi náà ì bá rín in, ebi ni ò jẹ́.

Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni mò ń rò ó:
àwọn tó kọ́kọ́ fi ogun sílẹ̀ sá wá sábẹ́ àpáta yìí,
fọ́ọ̀mù wo ni wọ́n buwọ́ lù kí òkúta tó gbà wọ́n?

Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́rin ìdájí,
mo ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà olóògbé. Ó tóbi.
Mo fi tẹ́sítà rẹ̀ sínú ìró.
Àṣerò ò tíì ṣí kúrò níbi tó wà.